Ẹ̀rọ Omi Ìta Ilé Badrudeen

Ẹni tó bá ń wá Mùrí Púlọ́ńbà nílùú Ìwó, kó ṣáà ti dárúkọ rẹ̀ fún ọlọ́kadà kan ní Odò-Orí, wọn á gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí Mùrí ti ń so páìpù mọ́ páìpù, òfin kan ṣoṣo ló sì fi ń kọ́ ọmọṣẹ́: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kúrò nídìí ẹ̀rọ omi láìtì í pa. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Omi ìjọba, ìgbà tó bá wù ú ló ń dé. Ẹni tó ṣí ẹ̀rọ tí kò rí omi, tó gbàgbé rẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó gba oko lọ, ó lè dé bá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nínú àgbàrá. Mùrí ti na ọmọṣẹ́ méjì nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú wọn ni Badrudeen, àkọ́bí rẹ̀, tó ti di ará Kánádà láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn.

Lóṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, Ṣẹ̀fíátù, ìyàwó Mùrí, ló wà lórí ìdùbúlẹ̀ ní pálọ̀. Kíndìnrín ló ń dà á láàmú. Dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, kí wọ́n máa fún un ní ohun tó bá wù ú. Ohun tó wu Ṣẹ̀fíátù kì í ṣe oúnjẹ. Badrudeen ló fẹ́ fojú kàn kó tó lọ, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Badrudeen ti gba tíkẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ Àlàmísì kan nínú oṣù kejìlá ni yóò wọlé. Ràódàt àbúrò rẹ̀ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ náà sára ògiri níwájú ìyá wọn, àràárọ̀ sì ni ìyá náà ń béèrè pé ó ku ọjọ́ mélòó.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Badrudeen pè. Lẹ́yìn tó kí ìyá rẹ̀ tán, ó ní ìbéèrè kan wà fún Bàbá. Onílé rẹ̀ ti pín ìwé fún àwọn ayálégbé pé òtútù ń bọ̀, òtútù tó ń sọ omi di òkúta nínú páìpù. Wọ́n ní kí ó ti omi ẹ̀rọ ìta pa láti inú ilé, kí ó wá ṣí ẹnu ẹ̀rọ náà níta kí omi inú rẹ̀ lè ṣàn tán, kí ó sì fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí títí òtútù yóò fi lọ. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ti Bàbá kí òun tó fọwọ́ kan nǹkan.

Orí Mùrí wú. Òtútù tó ju ọyẹ́ lọ kò tíì kan ara rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ọ̀gá pé kò mọ̀? Ó ní irú ìmọ̀ràn wo nìyẹn, kí ènìyàn ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ kó wá rìnrìn àjò? Tí ẹnìkan bá lọ ṣèèṣì tú omi sílẹ̀ láti inú ilé ńkọ́? Ó ní kí Badrudeen fi ti inú ilé sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ó ti tìta pa dáadáa, kí ó fi aṣọ tó nípọn wé e.

Ṣẹ̀fíátù gbórí sókè lórí ìrọ̀rí. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ta omi tútù kó tó dùbúlẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó ṣí i sílẹ̀, Bàbá Badiru," ló wí. "Omi tó bá ń dì máa ń wú. Ike tí mo bá rọ omi kún dẹ́nu, bíbẹ́ ló ń bẹ́ nínú fíríísà."

Mùrí rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò kọ́ ọ ní omi títà rí, kó má kọ́ òun ní iṣẹ́ páìpù. Ṣẹ̀fíátù náà rẹ́rìn-ín, nítorí bí wọ́n ṣe máa ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀ láti ilẹ̀ nìyẹn. Badrudeen ní, "Ó dáa, Bàbá."

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kó dé, ó tún pè. Páìpù ti bẹ́ nínú ògiri, omi ti kún ìsàlẹ̀ ilé, onílé sì ti ní bó bá lọ láìtún un ṣe, kó kó ẹrù rẹ̀ dání. Mùrí béèrè ohun tó bẹ́ ẹ. Badrudeen ní páìpù náà ti gbó ni. Mùrí ṣépè fún ẹni tó ri páìpù gbígbó mọ́ ilé onílé. Wọ́n sún ìrìn àjò náà sí ọjọ́ Àlàrùbá ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ràódàt fọwọ́ nu ọjọ́ ara ògiri, ó kọ òmíràn. Ìyá wọn wò ó pẹ́. Ó ní, "Ó ti jìnnà jù," kò sì béèrè iye ọjọ́ tó kù mọ́.

Ó kú ní ìdájí ọjọ́ Àìkú. Mùsùlùmí kì í dá òkú dúró, kí wọ́n tó kírun Àílà, wọ́n ti sin ín sẹ́yìn ilé. Inú fóònù Ràódàt ni Badrudeen ti wo bí wọ́n ṣe ń bo ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nígbà tó dé lọ́jọ́ Àlàrùbá, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀, kò sì fẹ́ dìde. Wọ́n sunkún títí ó fi sú wọn. Lẹ́yìn náà ni Mùrí, bí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe máa ń ṣe nígbà tí kò mọ ohun tí yóò sọ, béèrè ibi tí páìpù náà ti bẹ́. Badrudeen fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Mùrí ní kó mú àwòrán rẹ̀ wá.

Páìpù inú àwòrán náà kò gbó. Ó ń dán. Ó wú láàárín, ó sì là gbọọrọ, gẹ́gẹ́ bí ike tí Ṣẹ̀fíátù máa ń yọ jáde nínú fíríísà láràárọ̀. Ní orí rẹ̀ lọ́hùn-ún, aṣọ nípọn nípọn wé ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n tì pa pinpin.

Mùrí gbé fóònù náà sílẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo ní kí o tì í."

"Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n tì í, Bàbá," ni Badrudeen wí. "Gbogbo ará àdúgbò ló ṣí tiwọn. Ìwé onílé wà lọ́wọ́ mi."

"Kí ló dé tí o fi tì í?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n tì í."

Kò sí ìbínú kankan nínú ohùn rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dun Mùrí dé eegun. Ká ní ọmọ náà bínú ni, ì bá rí ohun tó máa bẹ̀bẹ̀ lé lórí. Láti Àlàmísì dé òru mọ́jú Àìkú, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ìyá àti ọmọ ì bá ti jọ wà.

Wọ́n pe ìrun Alaasari. Badrudeen jáde lọ sídìí ẹ̀rọ omi níta, ó ṣe àlùwàlá, ó tì í pa. Ó rìn díẹ̀, ó padà, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún ẹnu ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlá. Mùrí dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú búútà òfìfo lọ́wọ́, ó ń wò ó, ó sì ń pe orúkọ Ṣẹ̀fíátù.