Èrè Èṣí

"Ìyàwó wa, ẹ fi obì yẹn sílẹ̀ ná, kí ẹ wo ìwé yìí dáadáa."

Kọ́lájọ ló ń sọ̀rọ̀. Ó ti fa àga sún mọ́ ibi tí Sàrátù jókòó sí, ó tẹ́ ìwé dídán kan sórí itan ara rẹ̀, ó sì ń fi ìka tọ́ nọ́ńbà kan tí wọ́n kọ gàdàgbà sí àárín rẹ̀. Sàrátù kò dáwọ́ dúró. Ó ń ṣa obì, ó ń pààrọ̀ ewé inú agbọ̀n, ó ń ju àwọn tí kòkòrò ti jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn Mọ́láà oníbàárà rẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà, wọn kì í sì í gba gbẹ̀rẹ́.

"Mò ń gbọ́ yín, Akọ̀wé mi."

Orúkọ tó sọ ọ́ nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e níyàwó wá sílé wọn ní Ìlà. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Kọ́lájọ nígbà náà, ṣùgbọ́n àbúrò ọkọ rẹ̀ ni, ilé ló sì ti bá a. Ọkọ ni í ṣe, kò sì gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Ní báyìí, ọmọ kékeré àná ti di èèyàn pàtàkì l'Ékòó. Ọdún Iléyá ló gbé e wálé, ọ̀la ló sì ń padà.

Owó gíràtúítì ló gbé ìwé náà wá fún. Tíṣà ni ọkọ Sàrátù ní Ìgbájọ kó tó kú, ìjọba sì fi owó rẹ̀ falẹ̀ títí ó fi sú èèyàn. Kọ́lájọ ló sá sókè sá sódò l'Óṣogbo kí owó náà tó jáde. Owó náà ni Ẹniọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀, yóò fi parí yunifásítì. Kò sí òmíràn níbì kankan. Bó bá bọ́ pẹ́nrẹ́n, ọmọ yóò padà wálé wá máa ṣa obì.

"Àpò Ìtànṣán ni wọ́n ń pè é," Kọ́lájọ ṣàlàyé. "Ọ̀pọ̀ èèyàn á da owó pọ̀ sójú kan, àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ á wá bá wọn fi ra ìpín láwọn iléeṣẹ́ ńláńlá. Ẹni tó fi ọgọ́rùn-ún náírà síbẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ èṣí, ọgọ́jọ ló bá níbẹ̀ nígbà tọ́dún parí. Ọgọ́jọ o! Ẹ jẹ́ kí n kó gbogbo ẹ̀ dání lọ́la."

"Èkejì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Àpò Àgbà? Ẹ fìyẹn sílẹ̀ jàre. Náírà márùn-ún péré ló rí lé ọgọ́rùn-ún."

Ojú Sàrátù tàn. "Èyí gan-an ni mo fẹ́!"

"Ẹ̀n?"

"Ṣebí igi obì tó bá so wìtìwìtì lọ́dún kan, á sinmi lọ́dún kejì? Ìtànṣán yín ti so tán léṣìí. Àpò Àgbà ló ń sinmi, òun ló máa so lọ́dún yìí."

Ó fi gbogbo ẹnu sọ ọ́. Ta ni yóò kọ́ òun ní ọ̀rọ̀ igi obì, òun tó ti ń ra obì lórí igi látìgbà ọmọge?

Kọ́lájọ rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ jígí ojú rẹ̀ láti nu omijé. "Ìyàwó wa, ẹ máa pa mí! Ṣé owó ní gbòǹgbò ni? Ta ló sọ fún un pé ó ti rẹ̀ ẹ́, kó lọ sinmi?"

Ẹ̀rín náà dun Sàrátù. Ohun tó sì dùn ún jù ni pé òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ. Ó yí obì kan síhìn-ín sọ́hùn-ún lọ́wọ́.

"Ó dáa, Akọ̀wé mi. Mo gbà, kì í ṣe igi. Ta ló wá sọ fún Ìtànṣán pé bó ṣe so léṣìí ló máa so lọ́dún yìí?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Kọ́lájọ. "Àwọn tó ń bójú tó o já fáfá ni."

"Nígbà tí obì wọ́n gógó, ìyàwó Jóṣúà aládùúgbò wa tí kò mọ obì àbàtà yàtọ̀ sí gbàǹja náà jèrè. Ṣé òun náà já fáfá ni?"

Ẹniọlá, tó ń dín ẹran Iléyá lẹ́yìnkùlé, bú sẹ́rìn-ín, ó sì jáde sí wọn tòun ti ṣíbí lọ́wọ́.

"Dádì Èkó, ẹ má bínú. Ìtànṣán yìí, ó ti tó ọdún mélòó?"

"Ọdún méjì ló ti pé."

"Ní ọdún àkọ́kọ́, mélòó ni ọgọ́rùn-ún náírà dà?"

Kọ́lájọ wúkọ́. Kì í ṣe òpùrọ́, ẹ jẹ́ ká fún un ní tirẹ̀. "Àádọ́rin. Nǹkan ò dára lọ́dún yẹn. Wọ́n kọ ọ́ síbí náà, lẹ́tà wẹ́wẹ́ ni wọ́n kàn fi kọ ọ́ sísàlẹ̀."

"Áà! Bí ọgọ́rùn-ún bá jèrè ọgọ́ta léṣìí, àádọ́rin á jèrè méjìlélógójì, kò ju méjìléláàádọ́fà lọ. Náírà méjìlá péré lọ́dún méjì. Àpò Àgbà ńkọ́ lọ́dún tí tiyín jò yẹn?"

"Ó rí méjìlá."

"Ó tún wá rí márùn-ún léṣìí. Èrè rẹ̀ lé ní mẹ́tàdínlógún. Àgbà tẹ́ ẹ ń fi ṣẹ̀sín ló jù ú lọ."

"Bí gàárì ṣe ń wọ́n sì ju èrè àwọn méjèèjì lọ," Sàrátù fi kún un. "Ẹ lọ bèèrè kọ́ńgò kan lọ́jà." Kì í ṣe gàárì ló ń rò. Ká ní ọdún tí àpò náà jò yẹn ni yunifásítì ń bèèrè owó, ibo ni ìbá ti rí i?

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Owó ilé-ìwé ọdún yìí àti tàmọ́dún ò ní kúrò ní báńkì. Èyí tí Ẹniọlá máa fi ṣe àṣekágbá ni màá fi sínú Àpò Àgbà, torí a ò ní nílò ẹ̀ kíákíá. Òun náà lè já mi kulẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jò lónìí, ó ṣì láyè láti kún."

"Ìtànṣán ńkọ́?"

"Rárá."

Kọ́lájọ ká ìwé rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì le. "Èmi tí mo sá kiri l'Óṣogbo! Èmi lẹ wá ń sọ rárá fún? Kí ni kí n sọ fún ẹbí?"

Ẹniọlá wo ìyá rẹ̀. Sàrátù gbọn ewé kúrò lára ìró, ó dìde, ó sì wá kúnlẹ̀ níwájú àbúrò ọkọ rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Akọ̀wé mi. Ọlọ́run Allah nìkan ló lè bá mi san án fún yín. Ọmọ ìyá ò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ojú Kọ́lájọ rọ̀. Ó na ọwọ́ láti fà á dìde, ó rò pé Sàrátù ti gbà.

"Ṣùgbọ́n mi ò ní kó owó náà fún yín." Orí ìkúnlẹ̀ náà ló wà tó fi sọ ọ́, ó ń wo ojú rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n.