Wákàtí Mẹ́ta Àbọ̀ Lójú Òfurufú

Ìfẹ́ tí Olúwabùkọ́lá ní sí Káyọ̀ kì í ṣe kékeré. Bí orúkọ ọmọkùnrin náà bá yọ lójú fóònù, àyà rẹ̀ a máa lù kì kì kì bí ẹni tó sáré gun òkè. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, Babalọlá, tó ti ń ta aṣọ ní Onitsha láti ọgbọ̀n ọdún, kò rí ti ìfẹ́ rò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Káyọ̀ ti dá ọjọ́ tí yóò ti Èkó wá dọ̀bálẹ̀ kí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ̀ ẹ́.

"Sátidé yìí ni ìkẹta," Babalọlá sọ. "Bí aago mẹ́rin bá lù tí n kò rí àyà rẹ̀ nílẹ̀ pálọ̀ mi, kò gbọdọ̀ pè ọ́ mọ́. N kì í fi ọmọ fún ohùn inú fóònù."

Lọ́jọ́ náà, baba ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó dé fìlà jókòó sí pálọ̀ wọn ní Obosi lẹ́bàá Onitsha, ojú rẹ̀ le koko. Bùkọ́lá ti jí lọ ra ata àti ẹja ní ọjà Ose Okwodu, ó ti se ọbẹ̀ sílẹ̀.

Aago méjìlá, Káyọ̀ pè. "Olólùfẹ́ mi, wọ́n ti ní ká wọlé. Asaba, ní òdìkejì odò yín níbẹ̀, la máa balẹ̀ sí. Màá pa fóònù o. Wákàtí mẹ́ta àbọ̀ la máa lò lójú òfurufú."

Bùkọ́lá ò wọ ọkọ̀ òfurufú rí. Bọ́ọ̀sì ló mọ̀, èyí tí í kúrò l'Ékòó láàárọ̀ tí í dé orí afárá Odò Ọya nírọ̀lẹ́. Lójú rẹ̀, wákàtí mẹ́ta àbọ̀ ti yá jù. Ó ń rí Káyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó fọwọ́ lẹ́rán láàárín ìkùukùu, tó ń ro tirẹ̀.

Adéfúnkẹ́, òṣìṣẹ́ báńkì tó ń gbé òkè wọn, sọ̀ kalẹ̀ wá kí wọn. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

"Èkó sí Asaba? Nne, ìyá mi, kì í pé wákàtí kan. Oṣooṣù ni mò ń wọ̀ ọ́. N kì í tíì jẹ bisikíìtì wọn tán tá a fi ń balẹ̀."

"Àǹtí Fúnkẹ́, ìlara ò dáa."

"Ẹni tí ò tíì dé ni n ó máa ṣe ìlara rẹ̀?"

Aago ara ògiri ni Babalọlá ń wò.

Fóònù Káyọ̀ ò lọ títí di aago mẹ́ta àbọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló pè.

"Olólùfẹ́, òjò ò jẹ́ ká balẹ̀. A ti rí Odò Ọya nísàlẹ̀ kí wọ́n tó yí padà. Èkó la tún wà yìí."

Bùkọ́lá wo ìta. Aṣọ tó sá sórí okùn ti gbẹ ganrangan.

"Wákàtí mélòó lẹ lò kẹ́ ẹ tó rí odò?"

"Mẹ́ta, ó lé díẹ̀."

"Aago méjìlá lẹ gbéra. Ẹ lo wákàtí mẹ́ta ní lílọ. Ẹ wá fi ìdajì wákàtí padà. Ta ló ń tì yín lẹ́yìn?"

Káyọ̀ ní, "Ta ló ń kọ́ ẹ ní ìṣirò lónìí?"

"Ìwọ ni. Má pè mí mọ́. Kì í ṣe Bàámi ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀."

Ó pa fóònù. Ó wọ kíṣìnnì, ó bu oúnjẹ, ó sì gbé orí ẹja tó fi pamọ́ fún Káyọ̀ síwájú bàbá rẹ̀.

Babalọlá ṣí fìlà. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀. "Aago mẹ́rin ò tíì lù."

"Kò tíì lù, sà. Ẹ máa jẹun."