Òwú Tí Khamsing So

Ẹni tó bá sọ pé ajá kì í fi nǹkan pa mọ́, kò tíì bá èyí tí ara ń ro gbé. Duangta bá irú rẹ̀ gbé ní gbogbo ìgbà òjò tó kọjá, kò sì mọ̀. Ẹ má tìtorí ìyẹn bínú sí obìnrin náà. Gbogbo àwa tá a wà ní abúlé yìí, a ò mọ̀.

Ajá náà kéré, ó funfun, irun rẹ̀ sì gùn débi pé ojú rẹ̀ fẹ́ẹ̀ má hàn. Ọmọbìnrin Duangta ló fi ránṣẹ́ láti Vientiane, olú ìlú wa, nígbà tí bàbá rẹ̀, Khamsing, ti ilé ìwòsàn dé tí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ kan ti rọ. Ó ní kí bàbá máa fi í dárayá. Noy ni wọ́n sọ ọ́. Àwa níbí, tí ilé wa wà lórí òpó, ajá tó ń sùn sábẹ́ ilé la mọ̀, èyí tó ń gbó olè tó sì ń họ eegun jẹ. Ajá tó ń gun àkàsọ̀ lọ sókè bí ọmọ onílé, ẹ̀rín ló pa wá.

"Ajá nìyí àbí ìrọ̀rí?" Bouavanh tó ń gbé ilé kejì ló bèèrè bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i.

Lọ́jọ́ tá a pe ẹ̀mí Khamsing padà wálé, gbogbo abúlé ló péjọ. Ẹ ṣáà mọ̀ pé àìsàn a máa lé àwọn ẹ̀mí inú ara ṣáko lọ. Òwú funfun la fi ń so wọ́n mọ́ ọrùn ọwọ́ onítọ̀hún, tàdúràtàdúrà, kí wọ́n má tún lọ mọ́. Nígbà tó ku díẹ̀ ká tú ká, Khamsing na ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó mú òwú kan, ó ní kí wọ́n gbé ajá wá. A bú sẹ́rìn-ín. Ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ iwájú ọmọ ajá náà, ó fi ọwọ́ kan àti eyín ta kókó rẹ̀, ó sì ní, "Ìwọ má lọ o. Bí èmi bá lọ, kí ìwọ dúró ti ìyá àgbà yìí." Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìyẹn.

Kò pẹ́ sígbà náà tí Khamsing fi kú.

A kì í gé òwú ẹ̀mí. Ẹni tó bá gé e, ohun tí wọ́n so mọ́ni ló gé dànù. Ńṣe là ń fi í sílẹ̀ títí á fi gbó, tí á já fúnra rẹ̀. Ti Noy wà lábẹ́ irun. Ajá ń dàgbà, a ò rí òwú mọ́, a sì gbà pé ó ti já.

Aṣọ ni Duangta ń hun. Abẹ́ ilé ni òfì rẹ̀ wà, abẹ́ òfì yẹn náà ni Noy sì ti máa ń sùn, á gbé orí lé ìyá lẹ́sẹ̀. Nígbà tí òjò mú ilẹ̀ dáadáa, Noy ò wá síbẹ̀ mọ́. Ó gòkè lọ, ó lọ dùbúlẹ̀ sí kọ̀rọ̀ tí ẹní Khamsing máa ń wà, ó kọjú sí ògiri. Bí Duangta bá pè é, kò ní jẹ́. Bó bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́, á sá. Bó bá sún mọ́ ọn, á máa kùn nínú ọ̀fun.

Bouavanh ló kọ́kọ́ sọ ọ́. "Ọkọ rẹ ló ń rí. Ajá a máa rí ohun tójú wa ò tó."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Duangta lára bí omi gbígbóná nígbà òtútù. Láti ọjọ́ náà, ní ìrọ̀lẹ́, á fa ìrẹsì wa tó máa ń lẹ̀ mọ́ra yọ nínú apẹ̀rẹ̀, á fi ọwọ́ rún un pọ̀, á gbé e sí kọ̀rọ̀ yẹn fún Khamsing. Á jókòó, á máa sọ fún un pé òrùlé ti ń jò, pé ọmọ wọn ò pè mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Noy á kùn. "Jọ̀ọ́, má bínú," ni Duangta á wí, á sún sẹ́yìn. "Mo ti fẹ́ẹ́ jókòó lé ọ̀gá rẹ lórí." Inú rẹ̀ dùn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àtìgbà tí wọ́n ti sun òkú ọkọ rẹ̀, inú rẹ̀ ò dùn tó yẹn rí.

Inú ẹ̀jẹ̀ la ti ń tu itọ́ funfun jáde. Àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ajá sì mọ̀ ọ́n ṣe ju èèyàn lọ.

Lọ́jọ́ kan, Bouavanh gbé máńgòrò wá fún olóògbé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ní kóun gbé ajá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Noy bu ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jẹ, eyín wọlé ṣinṣin. Ẹ̀jẹ̀ kán sórí pákó ilẹ̀. Bouavanh lọ gba abẹ́rẹ́, kó sì tó dé, Thongdy tó jẹ́ baálẹ̀ wa ti wà lẹ́nu àkàsọ̀ Duangta.

"Màmá, ẹ kú ìjókòó."

"O ti gbọ́ nìyẹn."

"Mo ti gbọ́. Kì í jẹun dáadáa, ó ń wá kọ̀rọ̀, ó ń kùn mọ́ èèyàn, ó wá bu èèyàn jẹ. Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi dárúkọ àìsàn yẹn."

"Kì í ṣe dìgbòlugi."

"Kí wá ni?"

Duangta wo ilẹ̀. "Ọkọ mi ló ń rí," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Thongdy ò fi í ṣẹ̀sín. Ì bá sàn kó fi í ṣẹ̀sín. "Màmá, ọmọdé pọ̀ ládùúgbò yìí. Láàárọ̀ ọ̀la, ẹni tó máa gbé e á dé. Ẹ bá mi so ó mọ́lẹ̀ títí dìgbà yẹn."

Nígbà tó lọ tán, Duangta jókòó níwájú ajá náà. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní kó jẹun, kó ju ìrù, kó ṣe ohun kan ṣá tí òun lè sọ fún wọn. Noy kọjú sí ògiri, ó ń mí kíákíá. Kí lèèyàn fẹ́ ṣe fún ohun tí kò lẹ́nu? Ẹkún gbọ̀n ọ́n, torí ajá yìí nìkan ni Khamsing fi sílẹ̀ tó ń mí, bí wọ́n bá sì gbé e lọ, ta ni á máa fi hàn án pé ọkọ rẹ̀ wà nílé?

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tó dìde lọ sídìí òfì, ó fa òwú funfun kan yọ, ó sì padà sókè. Ó ní ẹ̀mí ajá náà ló ti ṣáko, òun á so ó padà. Ibi tó ti ń wá bí á ṣe mú un ni Bouavanh ti gòkè dé, tòun ti báńdéèjì lọ́wọ́.

"Mo wá kí ẹni tó fẹ́ pa mí jẹ."

"Bá mi dì í mú."

Bouavanh wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi wé ẹnu ajá náà, ó sì fi apá há a mọ́ra. Duangta di ẹsẹ̀ iwájú mú. Noy ké bí ọmọ ọwọ́ tí iná jó. Ìka Duangta bá omi, òórùn kan sì sọ. Ó ya irun náà sí méjì.

Ẹran ti bo òwú náà mọ́lẹ̀ yíká, eteetí rẹ̀ nìkan ló yọ. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ wú, ó sì ti dúdú.

"Òwú Khamsing ni," Duangta ní.

"Mo rí i."

"A kì í gé e."

Bouavanh túbọ̀ há ajá náà mọ́ra. Duangta wá kókó náà, bóyá òun á lè tú u, ṣùgbọ́n kókó tí èèyàn fi eyín fà, tí ẹran wá hù lé lórí, ọwọ́ wo ló fẹ́ tú u? Ó fi í sílẹ̀. Ó tún un mú. Ó tún fi í sílẹ̀.

"Duangta, tó o bá ní kí n gé e, màá gé e. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì nìkan ni mo ní lónìí."

Àlùmọ́gàjí tó fi ń gé òwú aṣọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni Duangta mú. Ó bẹ ọkọ rẹ̀. Kò mọ ohun tó bẹ̀ ẹ́ fún. Ó ti ẹnu irin bọ abẹ́ òwú náà, ajá ń ké, òun náà ń sunkún, ó sì gé e.

Láàárọ̀, Thongdy rí ẹsẹ̀ náà, ó ní kí ẹni tó wá gbé ajá náà padà sílé. Alùpùpù tiẹ̀ ló fi gbé ìyá àti ajá lọ sí ìlú. Dókítà ẹranko ní ẹsẹ̀ náà ò ṣeé gbà là mọ́, ó gé e kúrò.

"Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹrà," ó ní. "Màmá, ṣé kò fi hàn yín ni?"

"Ó fi hàn mí," Duangta ní.

Nígbà tí ojú egbò jinná, Noy padà sábẹ́ òfì. Kò lọ sí kọ̀rọ̀ yẹn mọ́, kò kùn sí ẹnikẹ́ni. Ní ìrọ̀lẹ́, Duangta ṣì rún ìrẹsì, ó ṣì gbé e síbẹ̀, ó sì jókòó. Pákó ló wà níbẹ̀, àti ògiri. Ó jókòó pẹ́. Noy fi ẹsẹ̀ mẹ́ta gun àkàsọ̀ wá, ó gbóòórùn ìrẹsì náà, ó gbójú sókè wo ìyá.

"Jẹ ẹ́," Duangta ní. "Kò sẹ́ni tó ni ín."