Ìyàwó Ojú Fèrèsé

"Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀."

Obìnrin náà kò jókòó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó gbá báàgì mọ́ àyà, ó ń nàka sí àwòrán ńlá tó wà lójú fèrèsé. Ìyá Onífọ́tò wo àwòrán, ó wo obìnrin, ó tún wo àwòrán, kó tó wá yé e pé ẹnì kan náà ni wọ́n. Irun ìyàwó inú fọ́tò gùn dé èjìká, ó gbé ọwọ́ lé ọkọ rẹ̀ láyà, ẹ̀rín gba gbogbo ojú rẹ̀ kan. Èyí tó dúró yìí ti gé irun mọ́lẹ̀, ó ti rù, kò sì jọ pé ẹ̀rín wà nítòsí rẹ̀.

"Ẹ̀yin nìyí?"

"Èmi ni mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tó wà lókè yẹn. Bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀, ara mi ni mo kọ́kọ́ máa ń rí. Èmi àti ọkùnrin tí mo ti kó jáde nílé ẹ̀. Àwọn aláìsàn ń bi mí pé ṣé èmi kọ́ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ mí kalẹ̀."

Ìyá Onífọ́tò rò pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi ẹ̀rín yanjú ni. Ó ní àwòrán yẹn ti dàgbà sójú fèrèsé, pé àwọn onítakisí gan-an kò mọ orúkọ tí òun sọ ṣọ́ọ̀bù, "ọ̀dọ̀ ìyàwó ẹlẹ́rìn-ín" ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń múra ìgbéyàwó, òun ló ń pè wọ́n wọlé. Bí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀, kí ni yóò kù tí ènìyàn yóò fi mọ̀ pé ẹnì kan ń ya fọ́tò níbẹ̀? Ó ní kí obìnrin náà jókòó, kó mu omi tútù. Obìnrin náà ní òun kò mu omi. Ó ní bí òun bá fi lè rí ara òun níbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, lọ́yà òun ni yóò wá, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nǹkan wá dojú rú mọ́ Ìyá Onífọ́tò lọ́wọ́. Kámẹ́rà, tirẹ̀ ni. Iná, tirẹ̀ ni. Férémù, òun fúnra rẹ̀ ló lọ yàn án lọ́dọ̀ káfíńtà. Ojú nìkan ló jẹ́ ti obìnrin, ojú náà sì ni gbogbo ẹjọ́. Ṣé ojú ni ọjà ni, àbí bébà? Ó béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ tó ń tún fíríìjì ṣe lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Ọkọ rẹ̀ ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, kí wọ́n gé àwòrán náà sí méjì, kí wọ́n dá obìnrin padà fún un, kí wọ́n fi ọkọ sílẹ̀. Wọ́n gbé rúlà. Ibi yòówù tí wọ́n ì bá gbà gé e, ọwọ́ ìyàwó yóò ṣẹ́ kù sí ọkùnrin náà láyà, ọwọ́ tí kò lára. Ọkọ rẹ̀ ní wọ́n lè fi òdòdó bò ó. Ìyá Onífọ́tò ní kó padà sídìí fíríìjì rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni ọkọ inú fọ́tò dé. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, òrùka rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́. Ó kí Ìyá Onífọ́tò dáadáa, ó kí ọkọ rẹ̀, ó tilẹ̀ béèrè àwọn ọmọ.

"Màmá, mo gbọ́ pé wọ́n ní kẹ́ ẹ sọ wá kalẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, òṣìkà ni. Àwọn ẹbí ṣì ń bá wa sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, gbogbo àdúgbò á ní ó ti parí. Èmi náà ní ojú nínú fọ́tò yẹn, mà. Tí òun bá lè pẹjọ́ pé kẹ́ ẹ yọ ọ́, èmi náà lè pẹjọ́ pé kẹ́ ẹ má yọ ọ́."

Àánú rẹ̀ ṣe Ìyá Onífọ́tò, ẹ̀rù rẹ̀ sì bà á. Ẹnì kan ní kó yọ ọ́, ẹnì kan ní kó má yọ ọ́, àwọn méjèèjì sì fẹ́ lọ sí kóòtù. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó gba ọ̀dọ̀ lọ́yà kan lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń wá ya fọ́tò pélébé lọ́dọ̀ rẹ̀. Yàrá kan lórí ilé olóògùn ni ọ́fíìsì rẹ̀, ìwé wà lórí àga kan, ó ní kí Ìyá Onífọ́tò jókòó sórí èkejì, òun fúnra rẹ̀ wá dúró.

Lọ́yà náà sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní ẹni tó ya àwòrán ló ni àwòrán. Ìyá Onífọ́tò ní ọpẹ́ ni. Lọ́yà ní ṣùgbọ́n ẹni tó ni ojú lè ní ẹ̀tọ́ lórí ojú rẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá fi ń polówó ọjà. Ìyá Onífọ́tò ní òun jẹ̀bi nìyẹn. Lọ́yà ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ó ṣe é ṣe kí ẹjọ́ ọkọ má lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò lè búra fún ohun tí adájọ́ yóò wí. Ó ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, òun tó ń jẹun níbẹ̀ sì ló ń sọ ọ́ yìí. Orí Ìyá Onífọ́tò ń yí, bí ẹni tí wọ́n ń júwe ọ̀nà fún tí wọ́n ní kó yà sọ́tùn-ún, kó sì yà sósì.

"Nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e kọ́ mà, ṣé ẹ gbàṣẹ?"

"Mo gbàṣẹ."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

Ìyá Onífọ́tò rántí ọjọ́ tí tọkọtaya náà wá kó àwòrán wọn. Ó sọ fún ọkọ pé èyí dára jù, ṣé kí òun gbé e sójú fèrèsé? Ọkọ ní kó gbé e. Àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń yẹ àwòrán wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Bí wọ́n bá ti bi baálé, wọ́n ti bi ilé: bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tó ti dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, òun náà tó jẹ́ obìnrin.

"Lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀," ó ní.

"Ojú ìyàwó lẹ fẹ́ gbé kọ́, mà, ọkọ lẹ bi." Kò fi bú u. "Bí wọ́n bá bi yín ní kóòtù, ohun tẹ́ ẹ máa sọ nìyẹn."

Ìyá Onífọ́tò kò gba ṣọ́ọ̀bù lọ tààrà. Ó lọ dúró síbi tí bọ́ọ̀sì ti ń já èrò sílẹ̀ lódìkejì títì, ó wo ojú fèrèsé rẹ̀ láti ibẹ̀. Àwòrán náà dára. Ojú ti Ìyá Onífọ́tò, kò sì mọ ibi tí yóò fi ojú sí. Nígbà tó wọlé, ó pe ọkọ rẹ̀, wọ́n jọ gbé férémù náà kalẹ̀, ó sì tẹ ìyàwó láago pé kó wá gbé e. Ìyàwó ní ẹ ṣé mà.

Ọkọ inú fọ́tò fóònù kí ọ̀sán ọjọ́ náà tó pọ́n tán. Ó ní Màmá kò bi òun.

"Mo ti bi yín nígbà kan. Òun ni mi ò bi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pè mí lẹ́jọ́, ẹ pè mí."

Ó sọ ọ́ bí alágbára, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ọkùnrin náà yóò pè é lẹ́jọ́ tàbí kò ní pè é. Ojú fèrèsé ṣófo. Àwọn onítakisí ń gbé èrò kọjá ibẹ̀ lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tọkọtaya tuntun kan wá gba àwòrán tiwọn. Ó dára, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ọkọ gbé ojú sókè, ó ní, "Màmá, àyè ṣí sílẹ̀ lójú fèrèsé yín. Ẹ gbé tiwa síbẹ̀."

Inú Ìyá Onífọ́tò dùn dé egungun. Ojú ìyàwó yìí á pe ènìyàn wọlé ju ti ìṣáájú lọ. Ó ti na ọwọ́ sí férémù kó tó yí sí ìyàwó.

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ọmọbìnrin náà wo ọkọ rẹ̀. "Ohun tó bá ti sọ náà ni, mà."

"Mo ti gbọ́ tiẹ̀. Ẹ̀yin ni mo ń bi."

Ọmọbìnrin náà wo ojú fèrèsé, ó wo títì, ó wo ilẹ̀.

"Mi ò fẹ́," ó ní.

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní eré ló ń ṣe, kí Màmá máa gbé e kọ́ jàre. Ìyá Onífọ́tò kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó fi bébà wé àwòrán náà, ó sì gbé e lé ìyàwó lọ́wọ́.