Oòrùn Kò Mọ Àmùrè

Iyọ̀ kò wọ ilé Joanna láti ìgbà tí wọ́n ti bí Ọlọ́runbùnmi. Kì í ṣe pé kò rí iyọ̀ rà. Ta ni kò rí iyọ̀ rà ní Odigbo láyé ìgbà náà, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn kiri ìlú, tí katakata ń wú ilẹ̀ nítòsí Ore láti la ọ̀nà ńlá tó ń lọ sí Benin, tí ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ rí ń ra mọ́tò? Ọmọ náà ló jẹ́ àfín, gbogbo ayé ló sì mọ̀ pé àfín kì í jẹ iyọ̀. Bí ó bá jẹ ẹ́, ara rẹ̀ á pọ́n, á lé ròrò, á sì di egbò. Bí Joanna ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ nìyẹn, bí ìyá rẹ̀ náà sì ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́.

Olúyẹ́misí, ìyá ọmọ, jẹ́ olùkọ́ tí ìjọba gbé lọ sí ìhà Àkókó. Ó fi ọmọ sọ́dọ̀ Joanna, ìyá tirẹ̀, ó ń wá wò ó bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi. Joanna ò fi ọ̀rọ̀ ọmọ náà ṣeré. Ọbẹ̀ tí Bùnmi ń jẹ ni òun náà ń jẹ, ọbẹ̀ tó tẹ́ bí omi òjò, kí ìkòkò méjì má baà wà nínú ilé, kí ọmọ má baà bu èyí tí kò yẹ. Àgbàlagbà tó fi iyọ̀ du ara rẹ̀ nítorí ọmọ-ọmọ, ẹ ò ní sọ pé kò fẹ́ràn rẹ̀.

Síbẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, wàhálà ara ọmọ á bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni àkókò kòkó. Joanna á tú kòkó rẹ̀ sórí pèpéle sìmẹ́ńtì iwájú ilé, á mú Bùnmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pátá nìkan nídìí, ọ̀pá lọ́wọ́, kí ó máa lé ewúrẹ́ àti adìẹ. Ibi tí oòrùn ti mú jù lọ ni wọ́n ń sá kòkó sí. Kò sí ọlọ́gbọ́n tó ń sá kòkó sábẹ́ igi. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, kòkó á ti gbẹ díẹ̀ sí i, ọmọ á sì ti pọ́n bí epo. Joanna á fi àdín pa á lára, á wá jókòó máa ro ẹni tó fún un ní iyọ̀ jẹ.

Ọmọ́wùmí ni ọkàn rẹ̀ lọ bá. Ọmọ́wùmí ń dín àkàrà lójúde kejì, ẹsẹ̀ Bùnmi kì í sì í jìnnà síbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí èjìká ọmọ ti bó, Joanna lọ ká a mọ́ ìdí agbada.

"Ọmọ́wùmí, kí ni mo fi ṣe ọ́? Ùwọ lo fẹ́ pa ọma mi?"

"Màmá, ẹ má ba àárọ̀ mi jẹ́ o. N ò fún ọma yín ní nǹkan kan."

"Búra!"

Ọmọ́wùmí fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó nà án sókè, ó búra. Irọ́ ló ń pa, ṣùgbọ́n a ó dé ibẹ̀.

Nígbà tí ìbúra ò wo egbò sàn, Joanna mú ọmọ lọ sí ilé àdúrà. Wòlíì Zachariah ni olórí ibẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, tó sì gba ohun tó ń sọ gbọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe òótọ́ fún un: kò gba kọ́bọ̀. Ó gbàdúrà sí àmùrè búlúù kan, ó gbé e kọ́ ọmọ lọ́rùn, ó lọ́ ọ kọjá láyà, ó dì í mọ́ ọn nídìí, ó ní kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ì báà ṣe lójú oorun.

Bùnmi pa dà sídìí kòkó, pátá nídìí, àmùrè láyà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, Wòlíì tú àmùrè níwájú ìjọ, gbogbo ẹnu sì là sílẹ̀. Èjìká ọmọ pọ́n, apá rẹ̀ bó, ikùn rẹ̀ lé ròrò. Ṣùgbọ́n níbi tí àmùrè gbà kọjá, ara rẹ̀ ń dán, ó funfun bí iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ, kò sí àpá kankan. Ìjọ pariwo Halelúyà. Wòlíì ní kí wọ́n wò ó dáadáa: ibi tí aṣọ ìbùkún bá dé, ọ̀tá ò lè dé ibẹ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun tí ojú wọn rí, ojú tèmi tìrẹ náà ì bá rí i. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni kì í ṣe tirẹ̀.

Joanna ló ronú jù wọ́n lọ lọ́jọ́ náà. Ó dìde, ó ní, "Wòlíì, bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó bo gbogbo ara rẹ̀." Ó ra aṣọ búlúù ní Ore, wọ́n gbàdúrà sí i, télọ̀ sì fi rán sùtánà fún ọmọ. Apá sùtánà náà dé ọrùn ọwọ́, ìdí rẹ̀ ń gbá ilẹ̀, ìborí rẹ̀ bo etí àti ọrùn. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, egbò ti gbẹ. Ọmọ tí kì í sùn kó má sunkún bẹ̀rẹ̀ sí í sùn mọ́jú.

Ni Joanna bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́rìí. Ó jẹ́rìí ní Odigbo, wọ́n gbé e lọ jẹ́rìí ní Ajue, wọ́n gbé e dé ìsọjí tí wọ́n ṣe ní Agbabu. Ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Bí ó bá dé ibi tí wọ́n ti tú àmùrè, á dákẹ́ díẹ̀, àwọn obìnrin á sì máa nu ojú. Wọ́n fi í jẹ Ìyá Ìjọ. Oyè náà dùn mọ́ ọn, kò sì fi pa mọ́.

Nígbà tí kòkó tún gbó, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí sùtánà wà nínú omi ọṣẹ, Bùnmi ti jáde lọ bá ewúrẹ́ jà nídìí pèpéle. Joanna sáré ju ògbólógbòó ìró ara rẹ̀ bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ìró tí wòlíì kankan kò fọwọ́ kàn rí. Ó ń retí egbò títí di ìrọ̀lẹ́. Egbò ò wá. Ó dán an wò lọ́jọ́ kejì, egbò ò tún wá.

Àfi bí ẹni pé èyí ò tó, Ọmọ́wùmí náà wọlé dé. Ó fẹ́ ṣe ìrìbọmi, ọkàn rẹ̀ kò sì jẹ́ kó gbádùn.

"Màmá, ẹ fi orí jì mí. Mo búra èké. Mo ń fún Bùnmi lákàrà, láràárọ̀. Iyọ̀ sì wà nínú rẹ̀ dáadáa."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí di àárọ̀ yìí, Màmá."

Joanna jókòó. Iyọ̀ láràárọ̀, ara ọmọ sì ń dán. Ìró lásán tí kò ní àdúrà lórí, ara ọmọ sì ń dán. Ó wo pèpéle kòkó, ó wo ojú ọ̀run. Oòrùn ni. Oòrùn ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń mú ọmọ jókòó sínú rẹ̀. Ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú rẹ̀ nù.

Ó yẹ kó sọ ọ́. Kò sọ ọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè é síta, ó sì tún jẹ́rìí àmùrè bó ṣe máa ń jẹ́ ẹ. Ó bi ara rẹ̀ pé ta ni ọ̀rọ̀ náà pa lára, sùtánà ṣáà wà lọ́rùn ọmọ. Ẹni tí wọ́n bá ti ń pè ní Ìyá Ìjọ, kì í rọrùn fún un láti pa dà di Joanna lásán.

Nígbà tí ìkórè dé, ìjọ fẹ́ yí ìlú ká lọ́sàn-án gangan, láìwọ bàtà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Wòlíì ní kí Bùnmi ṣáájú, kí wọ́n bọ́ sùtánà lọ́rùn rẹ̀ kí ayé lè rí iṣẹ́ Olúwa. Joanna fi ẹnu gbà, kò fi ọkàn gbà. Ó ti pinnu láti sọ pé ibà ń ṣe ọmọ, ó sì fa Bùnmi lọ́wọ́, ó mú agbòòrùn dání.

Ẹnu ọ̀nà ilé àdúrà ni obìnrin kan ti kúnlẹ̀ kí i, ọ̀dọ́ tó pọn ọmọ sẹ́yìn.

"Màmá, mo kí yín o. Ẹ ò lè mọ̀ mí. Agbabu ni mo ti wá. Mo gbọ́ ẹ̀rí yín."

Ó yí ẹ̀yìn kí Joanna lè rí ọmọ. Àfín ni, kò sì tí ì pé ọdún kan. Kò sí fìlà lórí rẹ̀, kò sí aṣọ lápá rẹ̀. Àmùrè búlúù tín-ín-rín kan ni wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn. Awọ orí rẹ̀ ti lé, ó ti bẹ́, ó ń sun omi. Imú rẹ̀ ti bó.

"Bí ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́ ni mo ṣe," ni obìnrin náà wí, tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ẹ wo abẹ́ àmùrè, Màmá. Ó ń dán!"

Ojú ti Joanna. Ó kọjú sí ìjọ, ó sì sọ ọ́ sókè lójú gbogbo wọn: àmùrè ò ṣe nǹkan kan, iyọ̀ ò ṣe nǹkan kan, oòrùn ló ń jó àwọn ọmọ wọ̀nyí, aṣọ èyíkéyìí tó bá ti bò wọ́n lára ti tó. Ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, òun sì tún dìde jẹ́rìí èké.

Wòlíì fi ohùn pẹ̀lẹ́ wí pé, "Màmá, ó ti rẹ̀ yín. Ẹ wá jókòó." Ẹnì kan ní ẹ wo bí Ìyá Ìjọ ṣe ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Òmíràn ní ọ̀tá ló fẹ́ gba ẹ̀rí lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè. Wọ́n dá orin, orin sì bo ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ẹni tó pa òwe náà kò sọ bóyá irọ́ á dúró gbọ́ ohun tí òtítọ́ fẹ́ wí.

Joanna tú ìborí orí rẹ̀, ó fẹ́ fi bo orí ọmọ náà. Obìnrin Agbabu yẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jí lọ́mọ gbé.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má bò ó. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí ìgbàgbọ́ wa má yẹ̀." Ó sì lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń tò.

Ìjọ gbéra, oòrùn wà ní kàntàrí. Nínú rúkèrúdò náà, kò sẹ́ni tó rántí bọ́ sùtánà Bùnmi mọ́. Joanna ní kí Bùnmi di ìró òun mú, ó ṣí agbòòrùn, ó tẹ̀ lé obìnrin Agbabu lẹ́yìn pẹ́kípẹ́kí, ó na agbòòrùn síwájú kí òjìji rẹ̀ lè bọ́ sórí ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Bí obìnrin náà bá yára, òun náà á yára. Bí ó bá ń jó, agbòòrùn náà á máa jó. Ọwọ́ ro ó, ó fi ọwọ́ kejì gbà á. Àwọn tó ń wò wọ́n lójú pópó rò pé Ìyá Ìjọ ń bu ọlá fún àlejò, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Orin wà lẹ́nu obìnrin náà, kò wẹ̀yìn wò lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí wọ́n yí ìlú ká tán tí wọ́n pa dà dé ilé àdúrà, obìnrin Agbabu sọ ọmọ rẹ̀ kalẹ̀, ó yẹ orí rẹ̀ wò, ó rí i pé kò pọ́n ju ti àárọ̀ lọ. Ó gbé ọmọ sókè, ó sì sáré lọ síwájú ìjọ láti lọ jẹ́rìí.