Orin Màmá Magdalena

Bí ojú Wúrà ṣe ṣe kòńgẹ́ ojú ọmọkùnrin tó mú bírò àti ìwé dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, ọkàn rẹ̀ fà sí i. Ìkórè ni, ìjọ Aládùúrà tó wà ní Becontree nílùú London kún dẹ́nu, ẹsẹ̀ lásán ń gun ẹsẹ̀ lásán, síbẹ̀ àwọn méjèèjì ò lè gbójú kúrò lára ara wọn. Ìgbà yẹn gan-an ni Màmá Magdalena, arúgbó òyìnbó tí Wúrà mú wá, já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ sáàárín èrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Orin ìbílẹ̀ Sípéènì ni. Orin náà ló sọ ọ́ di olókìkí ní Seville, kó tó di òṣèré sinimá tí àwòrán rẹ̀ kún ara ògiri. Ìfẹ́ ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò ní Dagenham ló gbé e wá síbí. Ọkọ ti kú, ọmọ ò sí. Nílé àwọn arúgbó tí Wúrà ti ń tọ́jú rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí ilé àwọn àgbà òṣèré ní Seville gba òun, kóun lè kú sílé. Wúrà ló bá a kọ̀wé, Wúrà náà ni wọ́n fèsì sí. Wọ́n ní àwọn ò lè gba màmá, àwọn ò rí orúkọ rẹ̀ níbì kankan. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni lẹ́tà náà ti wà nínú báàgì Wúrà, kò tíì sọ fún màmá.

Màmá nawọ́ sókè, ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀.

"Ẹ̀mí ti gbé màmá òyìnbó o!" ẹnì kan nínú èrò kígbe.

"Orin ni o!" Wúrà pariwo. "Iṣẹ́ wọn tẹ́lẹ̀ nìyẹn!"

Ta ni yóò gbọ́? Wòólì Ládélé ti ń túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní òun ń lọ sílé! Wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún un!" Ọmọkùnrin yẹn sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ gbogbo ìran.

Kí Wúrà tó dé ọ̀dọ̀ màmá, ìyá kan ti fi òyìnbó ṣàlàyé ìran náà fún màmá. Magdalena rẹ́rìn-ín bí ọmọge.

"Wúrà, mo sọ fún ẹ! Wọn ò lè gbàgbé mi láéláé. Ìgbà wo la máa di ẹrù?"

Ọmọkùnrin náà sún mọ́ Wúrà.

"Sister, Fọlájìmí lorúkọ mi. Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún màmá? Èmi ni mo máa ka ìran náà fún ìjọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á."

"Wòólì ti ní kí n kà á. Kí ni mo fẹ́ ṣe sí i?"

Wúrà wo ẹyinjú rẹ̀ tó rẹwà. Kò sí ìrànlọ́wọ́ kankan níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú màmá.

"Mọ́mì, ẹ dárí jì mí."

Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó sì fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́.