Ìpara Ètè Aláàwẹ̀

Ní àdúgbò kan ní Ìbàfò, lẹ́yìn òpópónà márosẹ̀, Ṣèyífúnmi sọ ilé oníyàrá mẹ́ta di ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìpara ètè. Kì í fi orúkọ ara rẹ̀ tà á. Àwọn oníṣòwò ló máa ń wá bá a pé kó bá àwọn ṣe é, kó sì lẹ lébù tiwọn mọ́ ọn lára. Ẹni tó rà á ní Mówè tàbí Akúte ò ní mọ ẹni tó pò ó. Iṣẹ́ náà gba sùúrù, nítorí oòrùn ilẹ̀ wa kì í ṣeré. Èyí tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun, bí èèyàn bá gbàgbé rẹ̀ sínú mọ́tò lọ́sàn-án, omi ló máa bá nínú ike. Ìda oyin ni Ṣèyífúnmi fi ń mú tirẹ̀ le, ṣùgbọ́n bí ìda bá pọ̀ jù, á máa fa èèyàn létè bí àbẹ́là. Odindi ọdún kan ló fi wá ìwọ̀n rẹ̀.

Èèyàn méjì ló ń bá a ṣiṣẹ́. Ayọ̀níkẹ́, abilékọ kan láti Mówè, ló ń rọ ìpara sínú ike tó sì ń lẹ lébù. Èkejì ni Wúlẹ̀mọ̀tù, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Mùízz, tí wọ́n sì ń pè ní Màámi níbi iṣẹ́, ọmọ onílẹ̀ Ìbàfò tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Òun ló ń yẹ òrí wò kí wọ́n tó yọ́ ọ. Ọjà Ifọ̀ ni Ṣèyífúnmi ti bá a pàdé níbi tó ti ń ta òrí. Lọ́jọ́ náà, Ìyá Mùízz gbé àpò òrí tirẹ̀ sí imú, ó mi orí, ó ní, "Ọmọ mi, má rà á. Òjò ti bà á." Ṣèyífúnmi kò rí ọlọ́jà tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá òun ṣiṣẹ́.

Ní ìgbà ọyẹ́ tó kọjá, ibà àti ọ̀fìnkìn dá Ìyá Mùízz dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó gbé ẹja kaná láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹja náà sì jóná níwájú rẹ̀. Èéfín ló fojú rí. Kò gbóòórùn kankan. Ó ṣí agolo róbù, ó gbé e sábẹ́ imú. Róbù ta á lójú títí omi fi ń bọ́, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ kò mọ nǹkan kan.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Imú yẹn ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún un, imú yẹn ló fi rí iṣẹ́. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ahọ́n tọ́ òrí wò ní kọ́lọ́fín. Bí òrí bá ti bàjẹ́, á máa ta ahọ́n fín-ín-fín. Ahọ́n náà kò já a kulẹ̀, kò sì sí ẹni tó fura.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí Ràmàdáànù bẹ̀rẹ̀, oníbàárà kan wá láti Ifọ̀, Àlàájì Zubair, tó ń ta jàlàbíà àti tẹ̀súbáà nítòsí mọ́sálásí. Ó ní ètè àwọn aláàwẹ̀ ń bó nínú ooru, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wọ́n láti lo ìpara tó bá ní adùn tàbí lọ́fínńdà. Ó fẹ́ èyí tí kò ní nǹkan kan nínú ju òrí àti ìda lọ. Ìtùra ló fẹ́ kí wọ́n kọ sára lébù rẹ̀. Wọ́n ṣe é fún un, ó sì tà wàràwàrà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ààwẹ̀, ó tún ránṣẹ́ pé òun fẹ́ sí i.

Ọjọ́ yẹn, Ṣèyífúnmi lọ sí Èkó lọ ra ike. Ìyá Mùízz dúró síwájú àpò òrí tuntun, kò sì mọ ohun tí òun máa ṣe. Ó ń gbààwẹ̀. Àwọn àáfà kan ní ẹni tó ń se oúnjẹ lè tọ́ ọ wò kó sì tu ú dànù, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Ó wo àwọ̀ òrí náà, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ó dáa. Yọ́ ọ." Ayọ̀níkẹ́ gbóòórùn kan nígbà tí ìkòkò gbóná, ṣùgbọ́n ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí Màámi bá ti ní ó dáa, ta lòun?

Lọ́jọ́ kẹrin, Àlàájì Zubair fúnra rẹ̀ gbé páálí ìpara náà padà wá.

"Àǹtí Ṣèyí, mi ò wá jà," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ gbóòórùn rẹ̀. Obìnrin kan ní inú òun ń ru láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Abẹ́ imú ni ètè wà, aláàwẹ̀ ò sì lè mu omi lé e."

Ṣèyífúnmi gbé e sí imú, ojú rẹ̀ yí padà. Ó bẹ Àlàájì, ó ṣèlérí pé òun máa ṣe òmíràn. Bí ọkùnrin náà ṣe lọ tán, ó kọjú sí Ayọ̀níkẹ́.

"Ìwọ lo fọ ìkòkò. O ò nù ún gbẹ dáadáa, àbí? Omi ló wọ inú rẹ̀!"

"Mo nù ún gbẹ, mà. Mo fi Ọlọ́run bẹ yín."

"Kí ló wá ṣe é? Imú Màámi kì í ṣìnà. Máa lọ sílé ná. Tí mo bá fẹ́ rí ẹ, màá pè ẹ́."

Ayọ̀níkẹ́ wo Ìyá Mùízz, bí ẹni tó ń retí ọ̀rọ̀ kan. Ìyá Mùízz wo ilẹ̀. Ayọ̀níkẹ́ mú báàgì rẹ̀, ó ń sunkún lọ.

Nígbà tí àkókò ìrun àsárì tó, Ìyá Mùízz ṣe àlùwàlá, ó tẹ́ ẹní, ṣùgbọ́n kò lè gbé ọwọ́ sókè. Ó ń gbààwẹ̀ omi àti oúnjẹ, ó sì jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ ru ẹ̀bi òun. Ó dìde, ó wọlé lọ bá Ṣèyífúnmi.

"Ṣèyí, ẹ̀bi mi ni. Imú mi ò gbóòórùn mọ́. Láti ìgbà ọyẹ́."

Ṣèyífúnmi rò pé ó fẹ́ gba Ayọ̀níkẹ́ sílẹ̀ ni. Ó ṣí ọ̀kan nínú àwọn ike náà, ó nà án sí i. "Òórùn wo lẹ gbọ́?"

Ìyá Mùízz gbé e mọ́ imú, ó fa á símú gidi, kò sì fa ojú ro. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ṣèyífúnmi jókòó. Inú bí i, àánú rẹ̀ sì tún ṣe é. "Màámi, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi lọ́jà pé òrí yín ti bàjẹ́. Kí ló dé tí ẹ ò lè sọ èyí?"

"Ìyẹn, òrí ló bàjẹ́," ni Ìyá Mùízz dáhùn. "Èyí, èmi fúnra mi ni."

Ṣèyífúnmi mú kọ́kọ́rọ́ ilé, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sí Mówè. Èmi náà ní ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀." Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́. Wọ́n bá Ayọ̀níkẹ́ níbi tó ti ń fọ aṣọ. Ṣèyífúnmi kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Ìyá Mùízz fẹ́ kúnlẹ̀, Ayọ̀níkẹ́ sáré dì í mú.

"Màámi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

Ó padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ìkíni nìkan ló máa ń ti ẹnu rẹ̀ jáde sí Ìyá Mùízz. Ìyá Mùízz kò dá a lẹ́bi.

Wọ́n ṣe ìpara mìíràn fún Àlàájì kí ààwẹ̀ tó dé ìdajì. Ṣèyífúnmi mú Ìyá Mùízz lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní imú náà lè ṣí padà, ó sì lè má ṣí. Ayọ̀níkẹ́ ló wá ń gbóòórùn òrí báyìí, Ìyá Mùízz sì ń kọ́ ọ. Ó nira láti fi ẹnu ṣàlàyé òórùn tí èèyàn ò lè gbọ́ mọ́. "Èyí tó dáa máa ń rùn bí ẹ̀pà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan. Tó bá ti ń bàjẹ́, á kọ́kọ́ dà bí páànù tí wọ́n fi dín àkàrà lánàá, tí wọn ò fọ̀." Nígbà mìíràn, á máa fa imú láàárín ọ̀rọ̀ láìmọ̀.

Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, àpò òrí kan dé tó funfun tó sì rọ̀. Ìyá Mùízz tẹ̀ ẹ́, ó ní ó dáa. Ayọ̀níkẹ́ fi imú sún mọ́ ọn, ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Màámi, ẹ má bínú. Kò dáa."

Ìyá Mùízz di ẹnu àpò náà, ó sì wọ́ ọ jáde fúnra rẹ̀.